Oyin Iléṣà Nínú Ẹrẹ̀ Erékùṣù

Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kì í mọ bí a ṣe ń jókòó lásán. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, gbogbo ará ilé ní kí n sinmi. Mo gbìyànjú ìsinmi náà fún oṣù kan gbáko. Mo to ìwé mi, mo tú u, mo tún un tò. Lọ́jọ́ kan mo bá ara mi níbi tí mo ti ń pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ kan, bí ẹni pé wọn yóò dáhùn. Nítorí náà, nígbà tí Sídíkátù ọmọ mi bímọ ní Johannesburg, tí ó ní kí n wá bá òun tọ́jú ọmọ, n kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù mẹ́fà ni mo ní mo ń lọ lò. Ìgbà òtútù kẹrin mi nìyí.

Àwọn ará ilé máa ń fẹ́ kí n sọ nípa ilé gíga àti ọ̀nà fífẹ̀. Wọ́n wà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni gbígbẹ ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ nílé lè rò pé òun mọ gbígbẹ. Kò tíì mọ̀ ọ́n. Láti oṣù kẹfà títí dé ìkẹjọ, òjò kò ní kán tó. Koríko a gbẹ di àwọ̀ pákó. Bí mo bá fa aṣọ ìbora, a máa ta pàrà-pàrà lára mi bí iyọ̀ nínú iná. Ètè mi là. Àtẹ́lẹwọ́ mi là, ẹ̀yìn ọwọ́ náà sì là, títí ó fi dà bí ìsàlẹ̀ odò tí omi ti sá kúrò níbẹ̀.

Ìkíni àwọn ènìyàn ni ohun kejì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nínú líìfù tí ń gbé wa gun òkè ilé tí à ń gbé ní àdúgbò Bruma, mo kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan káàárọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó yọ ohun tí ó fi ń gbọ́ orin kúrò ní etí kan, ó wò mí, ó ní, "Shap, Gogo." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé ẹ̀sùn. Sídíkátù rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìyá àgbà ni Gogo, pé shap náà kò burú, pé gbogbo rẹ̀ dára ló túmọ̀ sí.

"Bí gbogbo rẹ̀ bá dára," mo ní, "kí ló dé tí kò lè tẹ̀ ba díẹ̀?"

"Mọ́mì, inú líìfù ni."

Mo gbà pé líìfù náà kò fẹ̀.

Nígbà tí Hafsa ọmọ-ọmọ mi pé ọdún kan ààbọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ilé sì dá. Sídíkátù a ti jáde lọ síbi tí ó ti ń po oògùn kí aago méje tó lù. Èmi a dúró lójú fèrèsé, n ó máa wo àwọn takisí bí wọ́n ti ń dé ìdí robot, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe iná ojú títì níbí, n ó sì máa ka iye tí ó fi iná pupa kọjá. Tíṣà kò lè wò kí ó má máàkì.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo máa ń pe Múlíkátù àbúrò mi ní Iléṣà. Ìjẹ̀ṣà là ń sọ. Ní mọ́ṣáláṣí tí a ti ń kírun Jímọ̀, Yorùbá tí gbogbo wa jọ gbọ́ ni mo ń sọ, mo sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì là á. Ìjẹ̀ṣà ní tirẹ̀, orí fóònù nìkan ló ń gbé. Bí ìpè bá ti parí, mo máa ń di fóònù náà mú sí etí fún ìgbà díẹ̀ sí i. N kò mọ ohun tí mo ń retí.

Mọ́ṣáláṣí yẹn ni iṣẹ́ ti wá. Ọmọbìnrin kan láti Ọ̀yọ́, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan nílùú yìí, sọ fún mi pé ibi ìwádìí kan níbẹ̀ ń wá ẹni tó ní sùúrù láti máa ka nǹkan. Mo ní kí ni wọ́n ń kà. Ó ní eruku òdòdó. Mo bi í pé ta ló ń rà á.

Kò sí ẹni tó ń rà á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ní kíláàsì. Erékùṣù kan wà níhà gúúsù, láàárín agbami, tí ọkọ̀ ojú omi ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn kí ó tó dé. Ẹyẹ ló ni ín, àti afẹ́fẹ́, àti òjò. Kò sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Koríko àti ewéko tó ń rá mọ́lẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń hù. Àwọn olùwádìí ti ọ̀pá oníhò gígùn kan bọ inú ẹrẹ̀ adágún kan níbẹ̀, wọ́n sì fà á yọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀pá ló pẹ́ jù, ti òkè ló dé kẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló wà nínú ọ̀pá náà, ìpele lórí ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì pa eruku tí òdòdó ìgbà tirẹ̀ gbọ̀n sílẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ yóò ti jẹrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo hóró eruku òdòdó a máa pẹ́ nínú ẹrẹ̀ ju igi tó gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ lọ. Lábẹ́ maikirosikóòpù, ewéko kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀ọ́dúnrún hóró nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, tí ó sì mọ ojú wọn, yóò mọ ohun tó ń hù ní erékùṣù náà nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó.

Dókítà Nomvula ló ni iṣẹ́ náà. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Ìwé ló fi gba oyè rẹ̀. Kò dàgbà ju ọmọ mi kejì lọ, ó sì ń rìn bí ẹni tí omi rẹ̀ ń hó lórí iná. Ó gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kan síwájú mi, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ka hóró inú rẹ̀, ó ní kí n kà á. Wákàtí méjì ni mo lò. Mo sọ iye tí mo rí, mo sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ kún un pé méjì ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé wọ́n fara pamọ́ sábẹ́ ìhó afẹ́fẹ́ kan ní igun apá òsì. Ó wò ó. Ó pẹ́ kí ó tó gbójú sókè. Ó ní òun yóò fi oṣù mẹ́ta wò mí, bí ó bá dára, iṣẹ́ di tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́bàá títì, mo na ìka ìfábẹ̀lá sókè bí Sídíkátù ṣe kọ́ mi, takisí tó ń lọ sáàárín ìlú sì dúró. Ìka kan náà tí mo fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ ní Iléṣà ló ń dá ọkọ̀ dúró ní Johannesburg. Mo wọlé bí ọba.

Ẹnì kẹta wa ni Bàbá Sipho. Òun ló ń se ẹrẹ̀ nínú ásíìdì kí ó tó kàn mí, kí gbogbo ohun yòókù lè yọ́ dànù, kí eruku òdòdó nìkan ṣẹ́ kù. Ọmọ Súlú ni, Jeppestown ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ sì wà ní abúlé tí ó jẹ́ pé ìgbà Kérésì ló máa ń rí àyè lọ. Bàbá ni wọ́n ń pe bàbá ní èdè tiwọn náà, ìyẹn sì dùn mọ́ mi ju bí ó ti yẹ lọ. Èmi kò dùn mọ́ òun ní tirẹ̀. Ó ti ń se ẹrẹ̀ kí Dókítà Nomvula tó wọ ilé ìwé gíga, ó sì ti rí oríṣiríṣi ẹni tó wá kà á, tí kò kà á parí.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ láti fi kà. Àtàǹpàkò mi ti là, títẹ̀ náà ń ro mí. Mo bá ra tẹ̀sùbáà mìíràn, lọ́tọ̀ sí èyí tí mo fi ń ṣe àsíkìrì, mo ń fi í kà: ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ìyípo mẹ́ta, kí n fi mẹ́ta lé e, ọ̀ọ́dúnrún pé. Bàbá Sipho dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ rí i.

"Gogo, ṣé Ọlọ́run ni ẹ ń bi ní iye rẹ̀?"

"Rárá o," mo ní. "Òun ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni n kò tíì mọ̀."

Ó kùn nínú bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí ó rántí pé òun kò fẹ́.

Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀: nọ́ńbà ìpele, ọjọ́ tí mo ṣe é, iye tí mo kà, àti àwòrán hóró tí n kò dá mọ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo lo kọ̀ǹpútà. Mo sì tún kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ojú ewé kẹrin ni mo ti ya hóró kan báyìí, roboto, tí ẹ̀gún kéékèèké yí ara rẹ̀ ká. Kò pọ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: Ẹlẹ́gùn-ún, n kò mọ̀ ọ́n. Dókítà Nomvula ní kí n fi í sílẹ̀ ná, àwọn hóró tí a kò mọ̀ kì í tán.

Òun ló kọ́ mi ní òfin tí mo fẹ́ràn jù. Ó ní afẹ́fẹ́ lè gbé eruku òdòdó láti ilẹ̀ mìíràn kọjá òkun. Nítorí náà, hóró kan ṣoṣo nínú ìpele kan kò sọ ohunkóhun. Ó lè jẹ́ àlejò. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú ìpele yìí, tí ó tún wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e, tí ó tún wà lókè ìyẹn, a jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń gbé. Mo ro òfin yìí nínú takisí títí mo fi kọjá ibi tí mo ti yẹ kí n sọ̀. Mo ń bi ara mi pé èmi, tí mo ti lo òtútù kan àti ààbọ̀ níbí, ìpele mélòó ni mo ti wà.

Ní oṣù kejì iṣẹ́ mi, Múlíkátù fi abọ́ òrí kan rán ẹnìkan sí mi. Ó ti fi oyin pò ó, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ti máa ń ṣe é fún ọwọ́ líla nígbà ọyẹ́. Mo ṣí i, òórùn rẹ̀ gba ilé. Mo fi í pa ọwọ́ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo sì bu díẹ̀ sínú agolo kékeré tí mo ń mú lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ọwọ́ mi fi ń jinná.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo rí hóró onígun mẹ́ta.

Kò jọ ohunkóhun tí ó wà nínú ìwé àwòrán wa fún erékùṣù náà. Nínú gíláàsì tó tẹ̀ lé e, ó wà níbẹ̀. Nínú èyí tó tún tẹ̀ lé e, méjì wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹrẹ̀ ni mo ti ń kà bọ̀ wá sókè. Ó dà bí ẹni pé ewéko kan gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà lọ́jọ́ kan, tí ó sì kọ̀ láti lọ. Mo pe Dókítà Nomvula. Ó wo gíláàsì mẹ́ta tẹ̀ léra, ó wá fi àga sábẹ́ ara rẹ̀.

"Gogo, ó jọ ìdílé ọ̀pẹ."

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀pẹ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yà sára pátákó, n kò rí eruku rẹ̀ rí, nítorí maikirosikóòpù kan ṣoṣo tí ilé ìwé wa ní kò ní dígí. Ọ̀pẹ ní erékùṣù tí igi kankan kò sí. Àwọn àgbà onímọ̀ ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé nílùú yìí, Dókítà Nomvula yóò sì sọ̀rọ̀ níwájú wọn ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ó ní ọ̀pẹ yìí ni òun yóò sọ, orúkọ mi yóò sì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni oṣù mẹ́ta mi máa pé. Mo sọ fún Múlíkátù lọ́jọ́ Àìkú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wọn ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rí ọ̀pẹ nínú òkun.

Ọjọ́ Àìkú kejì, ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ìpàdé, Múlíkátù bi mí bóyá òrí náà ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, oyin inú rẹ̀ sì dára.

"Yóò dára ni," ó ní. "Oyin oko ẹ̀gbọ́n Ráṣídì aládùúgbò mi ni. Àárín ọ̀pẹ ló kó gbogbo ilé oyin rẹ̀ sí. Ọ̀pẹ ni àwọn oyin náà ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo gbọ́ pé ó ń sọ ti òrùlé tí ń jò, ti ọmọ àbúrò wa tó ń ṣe ìdánwò. Èmi ń wo ọwọ́ mi.

Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ọjọ́ tí abọ́ òrí dé ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Gíláàsì àkọ́kọ́ tí onígun mẹ́ta ti fara hàn, Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì rẹ̀, ni mo ṣe é. Kí ó tó di ọjọ́ náà, kò sí ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí tí kò ní. Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé kí a wọ ìbọ̀wọ́. Mo ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fa ojú ọgbẹ́ mi, mo sì máa ń bọ́ ọ tí ó bá kan pé kí n fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bo òkè. Mo ti pa á láṣẹ fún àìmọye ọmọ pé kí wọ́n má ṣe irú rẹ̀.

Mo tètè dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo bu òrí díẹ̀, mo fi ọtí líle ilé ìwádìí yọ́ òróró inú rẹ̀ dànù, mo gbé ìyókù sábẹ́ maikirosikóòpù. Wọ́n wà níbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé lákòókò ìsinmi, onígun mẹ́ta lọ́tùn-ún lósì. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí n ti rí. Hóró tí ó bá ti gba inú ásíìdì kọjá a máa ṣófo bí èèpo ẹ̀pà. Àwọn wọ̀nyí kún inú. Mo yẹ àwọn ti erékùṣù wò: wọ́n kún inú pẹ̀lú. Mo ti rò pé aró pupa tí a fi ń rẹ wọ́n ló mú wọn rí bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Kò sí ẹni tó mọ̀ àyàfi ìwé mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ẹni tó ń ka èyí: mo ronú nípa dídákẹ́. Mo ronú nípa fèrèsé Bruma àti àwọn takisí tí ń fi iná pupa kọjá, àti bí ọjọ́ ṣe ń gùn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú bírò. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe pa àṣìṣe rẹ́, kí wọ́n fi ìlà kan ṣoṣo fà á, kí olùkọ́ lè rí ohun tó wà lábẹ́. Mo fa ìlà kan la gbogbo onígun mẹ́ta inú ìwé náà, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà. Mo wá jókòó de Dókítà Nomvula.

Mo sọ ọ́ ní kúkúrú. Òrí, oyin, ọ̀pẹ, ìbọ̀wọ́ tí mo bọ́. Mo ní àṣìṣe èmi nìkan ni. Ó wo gíláàsì òrí, ó wo gíláàsì erékùṣù, ó tún wo ti òrí. Bàbá Sipho ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Gogo ti gbin ọ̀pẹ sí erékùṣù láìdìde lórí àga."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun pàápàá kò rẹ́rìn-ín. Ó wá ní ó dára kí a kó gbogbo hóró tí a kò mọ̀ dànù, onígun mẹ́ta àti ẹlẹ́gùn-ún àti ohun gbogbo tí ọwọ́ mi ti kàn, kí ọ̀rọ̀ tán. Dókítà Nomvula mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

"Ẹ dúró," mo ní. "Àṣìṣe mi ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀."

Mo ṣí ojú ewé kẹrin fún un. Ẹlẹ́gùn-ún wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òrí tó kúrò ní Iléṣà. Ó wà ní ojú ewé karùn-ún, ó wà ní ìkeje. Ó wà lẹ́yìn tí òrí dé, ó sì ṣófo ní gbogbo ibi tí ó wà, bí èèpo ẹ̀pà. Mo ní mo ti wá a nínú òrí náà, gíláàsì mẹ́fà, n kò rí ẹyọ kan. Mo ní mo mọ gbogbo ohun tí mo gbé wá láti ilé nísinsìnyí. Èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀.

Dókítà Nomvula jókòó padà. Ó fi ìka tẹ̀ lé àwọn ọjọ́ inú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà.

"Ìdajì kejì ọ̀pá ẹrẹ̀ náà ṣì wà nínú fíríìjì," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Bàbá ni yóò gé e, Bàbá ni yóò fi gíláàsì bò ó. Ìyá ni yóò kà á, èmi yóò sì kà á tẹ̀ lé e." Kò pe mí ní Gogo lọ́jọ́ yẹn, Ìyá ni ó pè mí.

A ṣe é. N kò fi òrí kan ọwọ́ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ mi tún là, ẹ̀jẹ̀ sì yọ sára tẹ̀sùbáà. Lọ́jọ́ kẹrin mo bá agolo fasilíìnì kan lórí àga mi. Bàbá Sipho ń fọ ìgò, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosikóòpù, igi kankan kò sí nínú rẹ̀.

Nínú ìpele tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò sí ẹlẹ́gùn-ún. Nínú ìpele kẹta, mo rí méjì. Nínú ìkẹrin, mẹ́sàn-án. Ó wà nínú ìpele méje tẹ̀ léra, lábẹ́ ọwọ́ tí kò mọ Iléṣà rí, lẹ́yìn náà ó dín kù, ó sì tán, kò tún padà wá mọ́ títí dé òkè. Onígun mẹ́ta kò sí níbì kankan. Dókítà Nomvula kà á tẹ̀ lé mi, iye wa sì ṣe déédéé. Ó gbé àwòrán rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà onímọ̀ kan tí ó ti ń tọ́jú irú hóró bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó padà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbàgbé láti bọ́ kóòtù.

Igi kékeré kan ni, ó ní, tí kò ga ju orókún lọ, tí àwọn ìbátan rẹ̀ ń hù lára òkè níhìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó hù ní erékùṣù náà rí. Ìgbà kan wà tí ibẹ̀ móoru tó fún un, ó gbé ibẹ̀ títí, òtútù sì dé.

Ní Ọjọ́bọ̀ náà, mo jókòó ní ìlà kẹta pẹ̀lú Sídíkátù, Hafsa wà lórí itan mi. Dókítà Nomvula sọ ti igi náà. Lẹ́yìn náà, ó sọ ti oyin. N kò mọ̀ pé yóò sọ ọ́. Àwọn àgbà onímọ̀ rẹ́rìn-ín, ara mi sì gbóná. Ó dúró kí ẹ̀rín tán. Ó ní ẹni tó rí igi náà ni ẹni tó kọ ọjọ́ àṣìṣe ara rẹ̀ sílẹ̀, pé láìsí ọjọ́ yẹn, òun ì bá ti kó òtítọ́ dànù pẹ̀lú àṣìṣe. Ó ní kí n dìde. Mo dìde pẹ̀lú Hafsa lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Hafsa sọ sí mi létí pé, "Màmá àgbà, wọ́n ń kí yín." Yorùbá ló fi sọ ọ́. N kò mọ èyí tí mo yọ̀ sí jù.

Lọ́jọ́ Àìkú mo sọ fún Múlíkátù pé kò sí ọ̀pẹ mọ́, igi ẹlẹ́gùn-ún kékeré kan ni. Ó ní òun ti sọ fún gbogbo àsàlátù. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ń jẹ èso igi náà. Mo ní kò ṣẹ́ ku èyí tí a lè jẹ.

"Ó dáa," ó ní. "N ó ní o ti rí èyí tó ju ọ̀pẹ lọ. Ta ni yóò lọ wò ó?"

Iṣẹ́ náà di tèmi. Nínú dúrọ́ọ̀ tí a ń kó gíláàsì àfiwéra sí, ọ̀kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ sí lára: Ọ̀pẹ, oyin Iléṣà. Ẹni tó bá rí onígun mẹ́ta lónìí, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ. Abọ́ òrí ṣì ń wá lọ́dọọdún, méjì ló ń wá báyìí, nítorí ọwọ́ Bàbá Sipho náà máa ń là. Jeppestown ni tirẹ̀ ń gbé. Kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ wá gbà á ni ó pè mí ní Tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan dé láti ìlú tí n kò débẹ̀ rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì láyà, ètè rẹ̀ ti là, ó sì ń wo gbogbo wa bí ẹni pé òun ti ṣi ilé wọ̀. Mo mọ ìwò yẹn. Mo fa àga kan jáde fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo kí i káàbọ̀, mo bèèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo gbé wọn sínú ìmọ́lẹ̀.

"Ó yá, ọmọ mi," mo ní. "Kí lo fi pa ọwọ́ láàárọ̀ yìí?"